Òṣùpá tí kì í wọ̀ ní Longyearbyen: ìgbà wo ni ká lọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lọ́wọ́ ẹni tó bá ti dé Svalbard, lókè Norway, rí.

Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sí Longyearbyen, ìlú kan níbẹ̀, nínú oṣù Kejìlá láti ya fọ́tò aurora, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tó máa ń tàn lójú ọ̀run lápá ibẹ̀. Ti oòrùn yé mi: kì í yọ níbẹ̀ rárá láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di àárín oṣù Kejì. Òṣùpá ló dojú rú. Nínú àtẹ tí mo wò, àlàfo lásán ló wà níbi tó yẹ kí wọ́n kọ aago tí yóò yọ àti èyí tí yóò wọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ léraléra. Àṣé torí pé ìlú náà wà ní ìwọ̀n 78 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni. Lásìkò òtútù, bí òṣùpá bá kún, ṣe ni yóò máa yí po ojú ọ̀run láìwọ̀. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé, kò ní yọ rárá. Òṣùpá àrànmọ́jú gidi, àfi pé ilẹ̀ ò ní mọ́!

Ìyàwó mi ní ká lọ nígbà tí kò sí òṣùpá, kí aurora lè hàn ketekete. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n òkè àti yìnyín á kàn dúdú bí èédú nínú fọ́tò. Ṣé ká mú ìgbà tí òṣùpá bá dé ìdajì, tó ṣì ń yọ tó sì ń wọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe to kámẹ́rà yín? Ọgbọ́n wo lẹ sì dá sí bátìrì nínú òtútù yẹn?