Ihò bóòtù tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ lára ilé gíà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo ń dá gíà padà sára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan nínú àwọn bóòtù M10 (tó nípọn tó mílímítà 10) ń yí lásán láìfún, nígbà tí mo sì fà á jáde, èérún alumíníọ̀mù láti ara tírẹ́ẹ̀dì (eyín inú ihò náà) ló wé mọ́ ọn bí òwú. Ṣé mo lè fi gọ́ọ̀mù onírin dí i?

Èsì: Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i, nítorí ooru àti ìgbọ̀nrìrì gíà yóò tú u. Helicoil ló yẹ ẹ́, ìyẹn wáyà irin tí a ká bíi sípíríǹgì, tí a ń yí sínú ihò kó lè di tírẹ́ẹ̀dì tuntun fún bóòtù. Bí àlàfo láàárín eyín kan sí èkejì lára bóòtù yín bá jẹ́ mílímítà 1.5, ẹ fi irin ìlu tó tó nǹkan bíi mílímítà 10.4 fẹ ihò náà, kí ẹ wá fi táàpù Helicoil (irin tí a fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò) gé tírẹ́ẹ̀dì tí Helicoil máa jókòó sí. Táàpù M10 lásán kò ní bá a mu.

Èsì: Òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé irin ìlu dúró ṣánṣán, torí tèmi wọ́, ó sì fi ìyà jẹ mí. Ẹ fi gírísì kun ẹnu irin ìlu náà kí èérún lè lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bóòtù tó gùn jù ú lọ lè rí tírẹ́ẹ̀dì gbá mú nísàlẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo wọ̀n ọ́n, tírẹ́ẹ̀dì mílímítà 4 péré ló kù nísàlẹ̀, kò sì lè gbé M10 ró. Helicoil ni màá lò. Ẹ ṣeun.