Ṣé ìránṣẹ́ lásán ni èèpo ìgbéra?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Mọ́kọ́lá dábàá, bí a ṣe ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn apá ọpọlọ, pé ká máa pe motor cortex (apá èèpo ọpọlọ tó jẹ mọ́ gbígbé ara, èyí tí mo pè ní èèpo ìgbéra lókè yìí) ní "ìránṣẹ́ ọpọlọ". Àlàyé wọn ni pé iwájú orí ló ń pinnu, yóò wá rán motor cortex, ìyẹn á sì gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì ní ṣòro fún ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ìránṣẹ́ kì í bá wọn jókòó ní ìpàdé. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́. Tí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, a ti dá ẹjọ́ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń rò lọ́wọ́.

Ibi tí èrò ìránṣẹ́ ti wá kò ṣòroó rí. Ní 1870, Fritsch àti Hitzig, oníṣègùn méjì, fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ìhà kan ọpọlọ ajá ní Berlin, ẹsẹ̀ ajá náà ní ìhà kejì sì gbéra. Nígbà tó di 1937, Penfield àti Boldrey, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn ní Montreal, lórí àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ibi báyìí ti ọwọ́, ibi báyìí ti ẹnu. Ta ni kò ní pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìránṣẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Paul Cisek àti John Kalaska, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, rí lára ọ̀bọ ní 2005. Àmì méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ibi tí wọ́n wà náà yàtọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pa rẹ́. Ọ̀bọ ní láti dúró. Kò tíì mọ èyí tí òun máa nawọ́ sí, àfi ìgbà tí àwọ̀ kan bá yọ láàárín. Nínú ìdúró yẹn, ní apá tó wà níwájú motor cortex gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní premotor, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń múra àtinawọ́ síhìn-ín àti àwọn tó ń múra àtinawọ́ sọ́hùn-ún jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọ̀ àárín ṣe yọ báyìí, ọ̀wọ́ kan ròkè, èkejì sì lọ sílẹ̀.

Ní 2014, David Thura àti Cisek tún lọ jìnnà sí i. Wọ́n mú kí ẹyọ kéékèèké 15 máa fò lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún tàbí òsì, kí ọ̀bọ sọ ibi tí èyí tó pọ̀ jù yóò bọ́ sí. Kò pọn dandan kó dúró kí gbogbo rẹ̀ tán. Bí ẹyọ ṣe ń fò ni iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ń yí padà, ní premotor àti ní motor cortex fúnra rẹ̀. Ìránṣẹ́ wo ló ń bá wọn kà á kí wọ́n tó rán an?

Àbá tèmi fún motor cortex ni "èèpo ìgbéra": èèpo dúró fún cortex, ìgbéra dúró fún motor. Ẹ fetí sí bí a ṣe ń lò ó n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá sọ lórí fóònù pé "mo ti gbéra" lè ṣì máa wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Bódìjà. Kò tíì kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ó ti yàn láti lọ. Yíyàn àti ìrìn wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan á mú ìgbéraga wá. Ẹ jọ̀ọ́.)

Àbúrò wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ti bi mí léèrè nípa rọpárọsẹ̀: bí èèpo yìí bá bàjẹ́ ní ìhà òsì, tí ọwọ́ ọ̀tún rọ, aláìsàn ṣì mọ ife tó fẹ́ mu, ọwọ́ ni kò gbà. Ìbéèrè tó lágbára ni. Mi ò sọ pé èèpo ìgbéra nìkan ló ń yàn. Ibi púpọ̀ nínú ọpọlọ ló ń lọ́wọ́ sí i. Bákan náà, pé sẹ́ẹ̀lì ń yí padà bí ẹyọ ṣe ń fò kò tíì fi hàn pé òun ló fa yíyàn. Ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ló ti ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ orúkọ tí kò ní sọ ọ́ di ọba, tí kò sì ní sọ ọ́ di ẹrú.

Fún ìdúró ọ̀bọ yẹn, "iyèméjì" ni mo fẹ́ ká lò. Àwọn kan ní ó ti di ọ̀rọ̀ àìnígbàgbọ́. Òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n iyè méjì náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a fi "yíyàn" sílẹ̀ fún ọ̀bọ, kí "ìpinnu" dúró fún ẹni tó lè sọ ìdí tó fi ṣe é.

Ti premotor ló kù. "Iwájú èèpo ìgbéra" ni mo ń kọ báyìí, ó sì gùn jù. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.