Ṣé Ọkọ̀ Ojú Irin Máa Ń Fẹ̀yìn Tì?

Láti Ajárà, Àgbádárìgì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ìbéèrè tí Ìyá Olùkọ́ fi ránṣẹ́ láti Tòpó ni pé kí la máa pe ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro tí wọn ò lò mọ́. Ẹnì kan ti dáhùn pé "ọkọ̀ ojú irin fúyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì." Kò síbi tí mo ti lè fara mọ́ gbólóhùn yẹn.

"Fúyẹ́" ò gba àkókò. Inú "light rail" ti Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá; ọdún 1972 ni wọ́n mú orúkọ náà jáde ní Amẹ́ríkà, torí pé èrò tó ń kó kò tó ti rélùwéè ńlá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò fúyẹ́: M5000, ọkọ̀ ojú irin ìgboro ti Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lọ sí 40 tọ́ọ̀nù. Ẹ sọ fún onítírélà ní Sẹ̀mẹ̀ pé 40 tọ́ọ̀nù fúyẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ èsì. "Ọkọ̀ ojú irin ìgboro" ti tó.

"Fẹ̀yìn tì" ni wàhálà. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ń jókòó gba owó rẹ̀ ni. Ta ló máa yọ orúnkún rẹ̀ fún ẹni tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́? Ohun tí wọ́n sì ń ṣe fún ọkọ̀ yìí nìyẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo táyà ná, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń pa ọkọ̀. Irin ni, ṣùgbọ́n rọ́bà máa ń wà láàárín òde rẹ̀ àti inú, kí ariwo àti gbígbọ̀n lè dín kù. Bí bíréèkì bá gán an nígbà tí ojú irin tutù, táyà á máa yọ̀ dípò kó máa yí, ibi tó fi ń họ ojú irin á sì pẹlẹbẹ. Látìgbà náà lẹ ó ti máa gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ ìjókòó, béárìn á sì máa jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbé yanrìn gbígbẹ tó ń dà síwájú táyà. Bó bá ti pẹlẹbẹ, ó di ọ̀dọ̀ tọ́nà: wọ́n á gé e yípo títí á fi rí roboto padà. Wọn kì í sì í gé ẹyọ kan, torí àwọn táyà orí bọ́gì (férémù tó gbé táyà lábẹ́ ọkọ̀) kan náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan ló jẹ̀bi, gbogbo wọn ló ń san án. Irú kan tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń fẹ̀ tó 711 mílímítà láti etí kan dé èkejì ní tuntun. Tó bá ti dé 660, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ò tíì kú.

Ohun tó ń pa á ni ìpẹtà abẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí omi ń wọ̀ tí kì í jáde, àti káàdì kọ̀ǹpútà tó ń darí mọ́tò. Ara ọkọ̀ lè lo 30 ọdún, kí ẹni tó ń ṣe káàdì rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Wọ́n á wá fi ọkọ̀ kan rúbọ kí àwọn yòókù lè máa rìn.

Ẹ wo ti Boston ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Boeing Vertol ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ níparí 1976. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò gbọ́ràn, ó ń yẹ̀ lójú irin ní kọ́ọ̀nà, páàtì ò sì tó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tú èyí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán láti fi tún òmíràn ṣe. Ọkọ̀ ọdún méjì mẹ́ta, òun náà fẹ̀yìn tì? Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣiṣẹ́ títí di 2007.

Mo dábàá "ìtúpáàtì" fún ìyẹn, àti "kondẹ́mù" fún òpin pátápátá, bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń sọ ọ́. Kondẹ́mù náà ní ètò tirẹ̀: wọ́n á já ọkọ̀ kúrò lára iná, wọ́n á dúró kí iná tó lúgọ sínú kapásítọ̀, ohun tó ń fi iná pamọ́, tán (ibẹ̀ ni iná ti ń gbé oníkánjú), wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á fa gáàsì ẹ̀rọ amútùútù, wọ́n á ro òróró gíà sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí bọ́gì, kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Bàbà inú mọ́tò kì í bá irin lọ.

Láti Tòpó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gba "ìtúpáàtì." Ṣùgbọ́n ẹ fo ìpele kan: ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tẹ́nikẹ́ni ò sì tíì fọwọ́ kan páàtì rẹ̀. Tí ọkọ̀ apẹja bá ń jò lójú ọ̀sà wa níbí, wọ́n á fà á gòkè sórí yanrìn. Kò kú, wọ́n fẹ́ dí ibi tó ń jò ni. Kí la ṣe tí a ò ní pe ti ojú irin náà ní "ọkọ̀ àfàgòkè"? Òun náà ń fẹ́ ìtọ́jú: kí wọ́n máa sún un díẹ̀díẹ̀ kí béárìn má bàa jẹ lójú kan, kí wọ́n máa ṣáàjì bátìrì, kí wọ́n sì máa ṣọ́ eku tó ń jẹ wáyà.

Ẹ má sì gbàgbé tòkunbọ̀. Ní 2011, ètò wà pé ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ H5 tí Toronto ti lò máa wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Fífẹ̀ ojú irin Toronto jẹ́ 1,495 mílímítà, ti Blue Line, ọ̀nà ojú irin ìgboro Èkó, jẹ́ 1,435. Ọgọ́ta mílímítà péré, àmọ́ táyà ò ní bá irin mu láìtún ìdí ọkọ̀ ṣe. Ètò náà ò wáyé. Ọkọ̀ tuntun tí CRRC, ilé iṣẹ́ ará China, ṣe ló ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Ká ní H5 dé ni, ẹni tó fẹ̀yìn tì ní Toronto ì bá máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́nà Àgbádárìgì.

Láti Ajárà

Àfàgòkè wọlé, mo gbà, ìyá wa. Ó ku bọ́gì, tẹ́nì kan ní ká máa pè ní "ẹsẹ̀ ọkọ̀." Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni táyà lẹ́nu gbogbo dírẹ́bà, bọ́gì ni férémù tó gbé táyà, mọ́tò, bíréèkì àti sípíríìngì pọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bọ́gì.