Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí ìwé ológun bàbá àgbà wa?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. A fẹ́ ṣe ìrántí ọdún 20 bàbá àgbà wa, ọmọ ìjọ Àgùdà pọ́ńbélé tó máa ń kó gbogbo wa jọ ka rosárì lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ sùn ṣáájú Àmín. Wọ́n ja ogun Bọ́mà lọ́dún 1944, wọ́n ní orí làwọn fi ń ru ẹrù nínú igbó Kaladan, tí wọ́n bá ti sọ ìyẹn tán wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. A rí mẹ́dà oníràwọ̀ nínú àpótí wọn, kò sórúkọ lára ẹ̀, pẹ̀lú aṣọ pélébé yẹ́lò tí wọ́n ya aláǹtakùn dúdú sí, àwọn èèyàn ní àmì Dífíṣọ̀n 81 ni, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ṣé London la ó kọ̀wé sí ni àbí Nàìjíríà? Ẹni tó bá ti wá irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, a fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé Máàsì wọn.