Okùn olójé àti pátákó lójú omi Èkó: ẹ wá sọ ohun tí ẹ ti rí

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará omi. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ okùn olójé, okùn tí wáyà òjé wà nínú awọ rẹ̀, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń fa ìjẹ lẹ́yìn ọkọ̀ wá ẹja salmon ní adágún ńláńlá wọn, àti pátákó tí ń gbé okùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣe níbí, kó sọ ọ́. Kí ló ṣiṣẹ́, kí ló já, kí ló há?

Kúta Gidi: Okùn náà ń yí àwọ̀ padà bó ṣe ń gùn lọ, òun la fi ń wọ̀n ọ́n: àwọ̀ kan jẹ́ yáàdì 10. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní máìlì 2 ní wákàtí kan, àwọ̀ kan ń rì tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Àwọ̀ 10, ẹ ti súnmọ́ 50.

Ọmọ Bàríga: Ẹ̀gbọ́n Kúta, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi wo ni ẹ fẹ́ rì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí? Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà wa, láti abẹ́ Third Mainland títí lọ sí ìhà Ìkòròdú, kò jìn ju mítà 2 sí 3 lọ. Àwọ̀ 2 péré, ìwọ̀ ti ń họ ẹrẹ̀. Igi tí àwọn apẹja gún mọ́lẹ̀ kí ẹja lè máa sá sí i ńkọ́? Bí okùn bá há síbẹ̀ tí ẹ fi agbára fà á, òjé inú á kán, awọ ìta á dúró. Ẹ ó rò pé okùn ṣì pé. Ibi tó kán yẹn ni yóò máa tẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni awọ yóò ti gbó.

Ará Tákwà: Òótọ́ ni. Ìta, lẹ́yìn ògiri òkúta ẹnu òkun, ni okùn olójé ti wúlò. Nínú ọ̀sà, àwọ̀ 1 ti tó, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ lò ó rárá.

Kúta Gidi: Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ wá fẹ́ fi pa kúta (barracuda) níta?

Ará Tákwà: Kí ló burú nínú ẹ̀?

Kúta Gidi: Eré ni. Kúta kì í lé ìjẹ tó ń rákò. Nọ́ọ̀tì 4 sí 6 ni wọ́n fi ń fa ìjẹ fún un (nọ́ọ̀tì 1 fi díẹ̀ ju máìlì 1 ní wákàtí kan lọ). Ní eré yẹn, omi á máa ti awọ okùn sókè, òjé ò ní lè fà á wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìṣirò ẹsẹ̀ bàtà 5 ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìjẹ onígi tó ní ètè gígùn níwájú, tí ń fúnra rẹ̀ rì, sàn jù fún kúta. Kẹ́ ẹ sì fi wáyà gígùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 síwájú ìjẹ, torí eyín rẹ̀. Okùn olójé ń fẹ́ ẹja tí ń jẹ ohun tó ń lọ jẹ́jẹ́.

Ọ̀pá Ìwọ̀: Ẹ jẹ́ n fi kún ọ̀rọ̀ eré yẹn, torí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. GPS ń sọ eré ọkọ̀ lórí ilẹ̀, kì í sọ eré rẹ̀ nínú omi. Nígbà tí omi bá ń fà jáde lẹ́nu òkun, tí ọkọ̀ náà ń lọ síta, GPS lè kọ nọ́ọ̀tì 3 kó jẹ́ pé omi fúnra rẹ̀ ń lọ ní 2. Ìjẹ ń rí nọ́ọ̀tì 1 péré, okùn ti ń rì lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ yí padà, ẹ kọjú sí omi pẹ̀lú 3 kan náà: ó di 5, okùn gòkè. Ẹ máa wo orí ọ̀pá. Bó bá ń gbọ̀n bó ṣe yẹ, eré náà dáa.

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́: Àlàyé rèé! Kókó tó so okùn olójé mọ́ lídà, okùn tínínrín tó wà níwájú ìjẹ, ńkọ́?

Ọ̀pá Ìwọ̀: Ibẹ̀ ni ó ti ń já jù. Ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìparí okùn olójé, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí òjé inú yóò fi kán. Ẹ fa òjé yẹn jáde, awọ á wá ṣófo bí ìfun. Ẹ ti lídà bọ inú awọ náà títí yóò fi kan òjé tó kù. Ẹ ta kókó ṣákálá kan níbẹ̀, awọ àti lídà pọ̀. Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le. Bí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, lídà á gbóná, á rọ níbẹ̀. Ẹ ta ìkejì sí iwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gé ohun tó yọ. Kókó náà kéré, ó ń gba inú òrùka ọ̀pá kọjá.

Ọmọ Bàríga: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò kàn lè fi swivel, irin kékeré tó ń yí yẹn, so wọ́n pọ̀?

Ọ̀pá Ìwọ̀: Swivel ńlá ò ní gba inú òrùka kọjá, àbúrò. Ẹja á kù díẹ̀ kó dé ọwọ́ ẹ, okùn ò ní ká wọlé mọ́.

Kúta Gidi: Àti pé ẹ má pe àwọ̀ lórúkọ. Ẹni tó ń sọ pé "mo tú u dé pupa", pupa ti ilé iṣẹ́ wo? Ètò àwọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìgbà tí àwọ̀ yí padà ni kí ẹ máa kà.

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́: Pátákó o, ẹ̀yin ọ̀gá.

Ará Tákwà: Orí okùn ẹ̀yìn, okùn lásán tó wà lẹ́yìn okùn olójé lórí rílù (ohun tí a ń ká okùn sí), ni kí ẹ ti fi ẹnu pátákó gbá okùn mú, kì í ṣe orí okùn olójé. Ẹnu rẹ̀ á tẹ òjé fọ́. Nítorí náà, bí àwọ̀ 3 ni ẹ fẹ́ lò, àwọ̀ 3 nìkan ni kó wà lórí rílù, okùn ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Tú gbogbo òjé sílẹ̀, fi okùn ẹ̀yìn díẹ̀ kún un, kí o tó so pátákó. Bí o bá ń tú u, fi àtàǹpàkò di rílù mú, má jẹ́ kó máa sáré fúnra rẹ̀. Okùn olójé tó bá ká mọ́ra ti kán nínú nìyẹn. Okùn tó rì jù ni kó súnmọ́ ọkọ̀, èyí tó fúyẹ́ ni kó wà síta, kí ẹja ti ìta lè gba orí ti inú kọjá wọlé.

Ọ̀pá Ìwọ̀: Ẹ rọra yí ọkọ̀ o. Bí ẹ bá ń yí sí ọ̀tún, pátákó ọ̀tún á dẹra, ìjẹ rẹ̀ á rì; ti òsì á sáré, ìjẹ rẹ̀ á gòkè. Bó bá jẹ́ ti òsì ni ẹja ń jẹ nígbàkigbà tí ẹ bá yí báyìí, ẹja ọjọ́ náà ń fẹ́ eré tàbí ó wà lókè. Ẹ fi eré kún un nígbà tí ẹ bá ń lọ tààrà.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ fẹ́ tẹ́ gbogbo pátákó yìí sí? Àwọ̀n àwọn èèyàn wà lójú omi, kẹ́ẹ̀gì ni àmì wọn. Ọkọ̀ akérò ń sáré kọjá. Okùn tó jìnnà tó mítà 30 sí ọkọ̀, ta ló ń rí i?

Ọmọ Bàríga: Ojú oró àti ọ̀rá náà ńkọ́, Ìyá wa? Lásìkò òjò, pátákó á kó ewé sórí bí alárù.

Ará Tákwà: Ojú oró wo? Ewé tó kún ojú omi wa báyìí kì í ṣe ojú oró àtijọ́. Èyí tó wọlé ní 1984 ni (water hyacinth), olódòdó àwọ̀ àlùkò.

Ọmọ Bàríga: Ewé ni ewé, ẹ̀gbọ́n, bó bá ti lè ri pátákó.

Ará Tákwà: Ó yàtọ̀. Èyí kì í fẹ́ iyọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ ọ̀sà. Ìgbà yẹn ni kó o tẹ́ pátákó.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Òjé tí ẹ ń yọ nínú okùn yẹn, ibo ni ẹ ń jù ú sí?

Kúta Gidi: Wáyà tínínrín ni, Ìyá wa.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Òjé ni. Ní 2010, ní Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé. Ìlú Ọba ti fòfin de òjé kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ láti 1987, torí àwọn ẹyẹ omi ń gbé e mì. Ẹ kó o sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ fọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.

Ọ̀pá Ìwọ̀: Ìyá wa jàre. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń yọ́ òjé bátìrì nínú ọpọ́n lẹ́yìnkùlé láti fi ṣe òjé àwọ̀n. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, èéfín òjé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣeré nítòsí. Ìkòkò tí wọ́n bá fi yọ́ ọ, kò yẹ kó padà sórí ààrò láé.

Kúta Gidi: Mo gbà, Ìyá wa. Ìgò ni.

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́: Ìbéèrè kan ló kù. Iyọ̀ òkun ńkọ́?

Ará Tákwà: Awọ okùn olójé ń fa iyọ̀ mu bí òwú. Tú èyí tó wọ omi sínú bàsíà omi tí kò níyọ̀, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 1, kí o fi aṣọ nù ún bí o ṣe ń ká a padà. Síríǹgì ẹnu pátákó náà ń dípẹtà. Fọ̀ ọ́, fi òróró díẹ̀ sí i. Má jẹ́ kí òróró kan rọ́bà tó ń gbá okùn mú, á máa yọ̀.

Ọmọ Bàríga: Omi kànga ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Ará Tákwà: Tọ́ ọ wò ná. Kànga ibòmíràn níyọ̀ ju ọ̀sà lọ.