Ta ni ó ní àṣẹ lórí odò tí ó la ìpínlẹ̀ méjì kọjá?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òfin omi, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá láti Àkúrẹ́.

Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣàn wá láti ilẹ̀ Èkìtì wọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn àgbẹ̀ wa tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí rẹ̀ sì ń ṣàròyé pé omi kì í tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ́, wọ́n sì gbà pé lílò tí àwọn ará Èkìtì ń lò ó lókè odò ló fà á. N kò fẹ́ kí ó di ìjà, nítorí ìpínlẹ̀ kan náà ni wá títí di ọdún 1996.

Ibi tí àṣẹ wà ni ó rú mi lójú. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi omi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé orísun rẹ̀ kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Benin-Owena River Basin Development Authority ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí agbègbè wa wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí, tàbí sí ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì? Orílẹ̀-èdè 9 ló wà nínú Niger Basin Authority tí ó ń rí sí odò Ọya. Ǹjẹ́ ìpínlẹ̀ méjì kan wà ní Nàìjíríà tí ó ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe?