Ẹ́ńjìnnì ń hó, táyà ò lọ: ẹ wá sọ ohun tí ọ́ìlì gíá ti fojú yín rí

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ọ̀kadà Suzuki 100 kan, two-stroke (irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀), ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti àkọ́bí mi lọ. Òun ni mo fi ń lọ sóko. Ẹni tó bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé òkè pọ̀ níbẹ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n fọwọ́ ara mi pààrọ̀ ọ́ìlì gíá. Ọlọ́jà gbé èyí tó wọ́n jù fún mi. Àwòrán mọ́tò wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í jẹ́ kí mọ́tò mu pẹtiróòlù púpọ̀. Èmi ṣebí ohun tó bá wọ́n ló dáa. Ní ọjọ́ kẹta, mo di àpò iṣu kan, ìyàwó mi gùn ún lẹ́yìn. A dé ìdí òkè, mo fa iná sí i, ẹ́ńjìnnì ń hó yèè, ọ̀kadà ò kúrò lójú kan. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í lẹ́yìn, ó ń bú mi. (Ẹ jẹ́ kí n fi èébú yẹn sílẹ̀.)

Mo fún wáyà kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá), kò gbọ́. Mo ti ń ka owó pílétì kílọ́ọ̀ṣì tuntun nígbà tí mẹkáníìkì tú u. Àwọn pílétì nípọn dáadáa, ọ̀kan ò jóná. Ó ti ìka bọ ọ́ìlì náà, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó wò mí lójú: "Bọ̀dá, ọ́ìlì mọ́tò lẹ dà sí i, àbí?"

Ó ní kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò gbẹ ni, ọ́ìlì kì í kàn án. Ti ọ̀kadà wa, inú ọ́ìlì ló ń lúwẹ̀ẹ́ sí. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí mọ́tò mu epo yẹn, wọ́n ti fi èròjà tí ń yọ̀ sí i. Pílétì tó yẹ kó di ara wọn mú, ń ṣe ni wọ́n ń yọ̀ lára wọn. Ó fi pẹtiróòlù fọ̀ wọ́n, ó da ọ́ìlì ọ̀kadà 20W-40 (nọ́ńbà bó ṣe ki tó nìyẹn) sí i, èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lẹ́yìn, àmì pé ó yẹ kílọ́ọ̀ṣì tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ́ìlì. Mo gùn ún ní ọjọ́ kan, a tún dà á nù, a da òmíràn sí i. Ìgbà yẹn ni kílọ́ọ̀ṣì tó mú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé two-stroke ò tiẹ̀ nílò ọ́ìlì olówó ńlá nínú gíá. Èyí tí à ń pò mọ́ pẹtiróòlù ló ń lọ bá písítìnì, òun ló ń jóná. Ti gíá ò mọ iná rárá.

Mẹkáníìkì Tàíwò, Ìlọrin:

Tèmi tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan gbé ọ̀kadà tí kò ní ìjókòó wá bá mi. Mo bi í pé ibo ló gbé ìjókòó sí, ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Gas Gas ni, láti Spéènì, two-stroke, èyí tí wọ́n fi ń gun àpáta láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó fẹ́ fi gun Òkè Sóbí.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní ohun tó ń gun àpáta, ọ́ìlì tó ki ló máa fẹ́, mo bá da ọ́ìlì 140 tó ki gan-an, tí à ń dà sí dífù (gíá ìdí táyà ẹ̀yìn) tírélà, sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fa kílọ́ọ̀ṣì, ó ki í sí gíá, ọ̀kadà fò síwájú, ó kú. Ọ́ìlì ti lẹ àwọn pílétì pọ̀. Ọlọ́kadà náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ATF (ọ́ìlì gíá mọ́tò ọ̀tọmátíìkì) ni ọ̀pọ̀ ń dà sí irú ẹ̀ lókè òkun. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ́ìlì pupa bí epo pupa yìí? A dà á sí i, kílọ́ọ̀ṣì sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà yẹn ò gbé ju ẹnì kan lọ, kò gbé ẹrù. Ẹni tó ń gbé èrò mẹ́ta, mi ò ní dà á sí tiẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà o. Ìwọ̀n ọ́ìlì gíá yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. 75W ti gíá ò ki ju 10W ti ẹ́ńjìnnì lọ.

Ìyá Ọlọ́kadà, Ọ̀fà:

Ti ọ̀kadà ọmọ mi, ọ́ìlì gíá ń dínkù, kò sì kán sílẹ̀. Èéfín funfun bo àdúgbò. A pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹta lórí asán. Ọ́ìlì sílì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá) ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ti gbó, ẹ́ńjìnnì ń fa ọ́ìlì gíá mu, ó ń jó o. Sílì kékeré báyìí ni.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán:

Háà! Mà á lọ wọn tèmi lálẹ́ yìí. Ọ́ìlì mọ́tò tó ṣẹ́ kù, mo ti fún àna mi tó ní Corolla. Kò tíì dúpẹ́.